Bí A Ṣe Sọ Fún Bàbá Kọngílá Pé Ilé Ò Dáa

Korobá omi kan ni mo dà sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ ńlá ilé Dòtun, mo sì dúró láti wo ibi tí yóò gbà. Ihò omi wà ní igun lọ́hùn-ún, wọ́n fi irin dídán kékeré kan bò ó. Omi náà ò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó rọra yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, ó jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wọ yàrá, ó sì lọ dúró síbi tí bẹ́ẹ̀dì onílé yóò wà. Mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ẹni ń sin àlejò lọ sọ́nà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kò ní orúkọ kan pàtó. Àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó a máa kọ́lé sí Àbújá, ilé tí wọn yóò máa wá simi nínú rẹ̀ nígbà Kérésì. Ẹnì kan á bá wọn kọ́ ọ, á sì máa fi fọ́tò ránṣẹ́. Fọ́tò kì í jò. Ilẹ̀kùn inú fọ́tò kì í há. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́rù wọlé ni wọ́n ń mọ irú ilé tí wọ́n ní. Èmi ni mo máa ń dúró láàárín: mo máa ń gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ, mo máa ń wo ohun tó kù díẹ̀ káàtó, mo sì máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ fà á títí wọ́n á fi tún un ṣe kí onílé tó wọ bàálù.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọmọ Núpè kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ló kọ́ mi pé a kì í fi ojú gba ilé. Ó ní, "Lò ó. Da omi sí i. Ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Jókòó sí tọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀." Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ti jókòó sí tọ́lẹ́ẹ̀tì púpọ̀ ní Maitama kí àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ṣe é fún tó jókòó sí i.

Ilé Dòtun, ọ̀rẹ́ Tósìn ọmọ mi, ní ìparí Gwarinpa, ni ilé àkọ́kọ́ tí mo gbà fúnra mi lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Mo lò ó, mo sì rí i. Yàtọ̀ sí ti omi, gẹ́ẹ̀tì ńlá ń ṣí síta, bó bá sì ṣí tán, orí afárá kòtò tí mọ́tò ń gbà wọlé ló ń há sí, kò sí mọ́tò tó lè ráyè wọlé. Máígádì ibẹ̀, Sánúsí, ti rí ọgbọ́n dá sí i: ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gbé mọ́tò rẹ̀ sí iwájú ilé aládùúgbò, òun á sì máa kí i pé "sànnu, sànnu" títí tí yóò fi fẹsẹ̀ rìn wọlé. Tọ́lẹ́ẹ̀tì àlejò nísàlẹ̀ ló wá burú jù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, ó sì ń gbá àwo ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi wọlé, yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò wá fa ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra kó tó lè ti ilẹ̀kùn. Fèrèsé kíṣìnì sì ga débi pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé kọngílá lásán ló kọ́ ọ ni, n bá ti kọjú mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ilé yìí ni àbúrò bàbá Dòtun. Bíríkìlà ni nígbà tó kúrò ní Ìkirè wá sí Àbújá, láyé tí ìlú yìí ṣì jẹ́ igbó àti eruku. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti kọ́ láti ìgbà náà, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Bàbá Kọngílá. Nígbà tí bàbá Dòtun kú, Dòtun ò tíì parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ọkùnrin yìí ló mú un sọ́dọ̀, tó tọ́ ọ bí ọmọ tó bí títí ó fi lọ sí Kánádà. Àgbà ìjọ ni, ó ti lé láàádọ́rin ọdún, ó sì síngbọnlẹ̀. Ta ló fẹ́ wò ó lójú kó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa?

Mo bi Dòtun lórí fóònù bí ilé ṣe di bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ìgbà ni Dádì máa ń pè mí kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Wọ́n á ní ibo ni kí àwọn gbé fèrèsé sí, báwo ni mo ṣe fẹ́ kí gẹ́ẹ̀tì rí."

"Kí lo wá máa ń sọ?"

"Mo máa ń sọ pé bí ẹ bá ṣe rò pé ó dáa ni kí ẹ ṣe é, sà."

Mo mí kanlẹ̀. Gbogbo ọmọ tí Yorùbá tọ́ ló mọ gbólóhùn yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ọmọlúàbí ni mí, ẹ tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sọ tinú mi. Ṣùgbọ́n Bàbá Kọngílá kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe é bó ṣe rò pé ó dáa. Ó gbé fèrèsé kíṣìnì sókè nítorí kò fẹ́ kí ará ọ̀nà máa ka ẹran inú ọbẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó jẹ́ kí gẹ́ẹ̀tì ṣí síta nítorí gẹ́ẹ̀tì tó bá ṣí sínú a máa gba àyè mọ́ onílé lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdí, àfi omi balùwẹ̀.

Ìgbà náà ni Dòtun wá sọ ohun tó ń dùn ún. Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀, Kánádà ni wọ́n ti tọ́ ọ láti kékeré. Kò fìgbà kan fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé sí Nàìjíríà. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé wọn yóò wá lo Kérésì kan ṣoṣo níbẹ̀. Bó bá dùn, wọn yóò máa wá. Bí kò bá dùn, wọn yóò tà á, wọn yóò sì máa lọ simi níbòmíràn bí àwọn ẹgbẹ́ wọn.

"Mọ́mì, bí a bá ta ilé yìí, àwọn ọmọ mi ò ní mọ ilé mọ́ nìyẹn." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Dádì bínú. Àwọn ni bàbá tí mo ní."

Ẹrù méjì ló gbé lé mi lórí yẹn, ìkan ò sì gba ìkejì láyè.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Bàbá fúnra mi ní ilé wọn ní Gwagwalada. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ilé yẹn mà rẹwà o, sà. Ẹ ṣeun gan-an. Olúwa á jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀ pẹ́."

"Àmín o, Ìyá Tósìn."

"Ó kàn jẹ́ pé omi balùwẹ̀ yẹn, sà, ó jọ pé ó fẹ́ máa yọjú sí yàrá díẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ilé tuntun ṣáà ni. Omi ò tíì mọ ọ̀nà."

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé já ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi. Mo gbé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wọ mọ́tò, mo dúpẹ́ ìyẹn náà, mo sì padà sílé. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Èmi sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún Bàbá, nígbà tó dé inú wọn, ó di àdúrà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Dòtun ní òun fúnra òun á sọ ọ́. Ó pè wọ́n, ó sì mú èmi náà mọ́ ọn kí n lè máa gbọ́. Ó dúpẹ́ lórí fáúndéṣàn, ó dúpẹ́ lórí òrùlé, ó dúpẹ́ lórí ọ̀dà. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un, wọ́n ṣe é parí, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́?"

"Àmín nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ."

Mo wá gba ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Múrí, ọmọ Ìsẹ́yìn tó lẹ táìsì, ní bí bíríkìlà bá ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òun náà ni òun ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Bíríkìlà ní ibi tí púlọ́ńbà gbé ihò omi sí ló ga jù. Púlọ́ńbà ní ibi tí Bàbá nawọ́ sí ni òun gbé e sí. Gbogbo wọn ló kí mi dáadáa, gbogbo wọn ló sì ní kí n lọ bá Bàbá. N kò bá wọn wí. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni iṣẹ́ wọn mìíràn yóò ti wá, kò sì sí ẹni tó máa fi òòlù kan iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ọjọ́ ń lọ. Ọyẹ́ ti dé, gbogbo ètè ń la. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Dòtun lọ́jọ́ kan, inú ń bí mi, ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ọmọ Núpè bá sọ sí mi lọ́kàn. Lò ó. Bí Bàbá ò bá gbọ́ ẹjọ́ ilé yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Mo pe Dòtun. Mo ní, "Ṣé ó bójú mu kí ìwọ àti ìyàwó rẹ kọ́kọ́ sùn nínú ilé tí bàbá rẹ fi òógùn ojú kọ́? Bẹ àwọn àti Màmá kí wọ́n wá sùn nínú rẹ̀ fún ọ, kí wọ́n gbàdúrà sí i, kí ẹ tó dé."

Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni Dòtun mọ̀ ọ́n sọ. Ó sọ ọ́ débi pé ohùn Bàbá yí padà lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ní kí èmi kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀." Àánú wọn ṣe mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí á fi í sílẹ̀.

Wọ́n kó wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn àti ìyàwó wọn, Màmá Fẹ́mi, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ àti Bíbélì ńlá. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, Sánúsí pàdé mi lẹ́nu gẹ́ẹ̀tì. Ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kai, Mama. Baba fa." Ó fẹ́ fi Haúsá sọ ohun tó ṣe Bàbá, ẹ̀rín ò jẹ́ kó parí rẹ̀, ó kàn ń nawọ́ sínú ilé.

Mo sáré gòkè. Màmá Fẹ́mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ró ìró máyà, wọ́n ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Sálúbàtà wọn ti léfòó dé abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ṣí ìwé orin wọn sẹ́nu fèrèsé kó lè gbẹ.

"Ìyá Tósìn, káàbọ̀. Ìwẹ̀ ni mo lọ wẹ̀ o. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì náà fẹ́ wẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bàbá ń kọ́?"

"Wọ́n wà ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ń ronú."

Mo sọ̀ kalẹ̀ padà. Inú tọ́lẹ́ẹ̀tì àlejò ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá. Wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, wọ́n ti jókòó, wọ́n sì ti fa ẹsẹ̀ mọ́ra ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó tó àkókò láti jáde, orúnkún wọn ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn náà ò sì jẹ́ kí wọ́n dìde.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ilé tuntun."

"Ìyá Tósìn, ṣé bí ilé yìí ṣe rí rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ fún mi?"

"Mo ti sọ ọ́, sà. Mo wá sọ ọ́ ní Gwagwalada."

"O ò sọ ọ́," ni wọ́n wí. "O dúpẹ́ ni. O dúpẹ́, mo já ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọ."

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní tèmi, ojú Bàbá ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀kùn wà láàárín wa. N kò rí wọn, wọn ò rí mi, kò sì sí ìdí láti kúnlẹ̀ fún pákó. Mo wá rí i pé mo lè sọ̀rọ̀. Mo ní ilẹ̀ balùwẹ̀ kò dáa. Mo ní gẹ́ẹ̀tì kò dáa. Mo ní tọ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kò dáa, bí wọ́n tilẹ̀ ti mọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo sọ ti Morẹ́nikẹ́, pé bí Kérésì yìí bá bàjẹ́, wọn yóò ta ilé náà, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ò sì ní padà wá. N kò fi "ẹ kú iṣẹ́" kankan ṣíwájú rẹ̀.

Orúnkún Bàbá kan ilẹ̀kùn gbì.

"Wọ́n fẹ́ tà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Dòtun ò sọ fún mi." Wọ́n tún ní, "Ó ṣáà ń ní bí mo bá ṣe rò pé ó dáa."

Màmá Fẹ́mi ti sọ̀ kalẹ̀ wá, sálúbàtà lọ́wọ́. "Bàbá Fẹ́mi, ọmọ yín ń bẹ̀rù yín ni. Èmi náà ń bẹ̀rù yín, ṣùgbọ́n mi ò lè máa sùn nínú odò."

Fóònù Bàbá wà lápò wọn. Láti inú tọ́lẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n ti pe gbogbo òṣìṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ bí ẹni tó wà lódìkejì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ pé "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní," tí Bàbá á sì dá a lẹ́nu dúró. "Mo mọ ohun tí mo ní. Máa bọ̀." Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ dé. Ó fi òòlù tú férémù lára ògiri láti ìta, ó gbé òun àti ilẹ̀kùn kúrò, Bàbá sì jáde. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ní kó gbé ilẹ̀kùn náà kọ́ padà kó máa ṣí síta, wọ́n sì gòkè lọ síbi balùwẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kápẹ́ńtà nìkan ló lọ dúró lẹ́yìn ilé fún ìgbà díẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, n kò tíì rí irú iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fọ́ gbogbo ilẹ̀ balùwẹ̀. Ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra lọ sílẹ̀ láti igun gbogbo wá sí ibi ihò omi, kó má pọ̀ débi tí ẹsẹ̀ á fi yọ̀, kó má kéré débi tí omi á fi dúró. Bàbá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì tútù, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán wá ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Múrí dúró tì wọ́n, ó ń gbé sìmẹ́ńtì fún wọn. Nígbà tí wọ́n lẹ táìsì tán tó sì gbẹ, Bàbá ní kí èmi da omi sí i. Omi náà lọ tààrà sínú ihò. Inú mi dùn débi pé mo da korobá mìíràn sí i.

Wọ́n yí gẹ́ẹ̀tì padà. Ti fèrèsé kíṣìnì, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹran inú ọbẹ̀ ò kan ará ọ̀nà, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Kérésì ni Dòtun dé pẹ̀lú Morẹ́nikẹ́ àti ọmọ méjì. Dòtun dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó béèrè ibi tí òun ti lè wẹ̀. Bàbá jókòó sí pálọ̀, wọ́n ṣí Bíbélì, wọn ò sì ṣí ojú ewé mìíràn títí ó fi jáde. Ẹsẹ̀ Morẹ́nikẹ́ gbẹ. Ó ní, "Omi yẹn dáa." Bàbá pa Bíbélì dé.

Yorùbá Morẹ́nikẹ́ kúrú, kò ní àyè fún ìyípo. Ó gbọ́ ju bó ṣe lè sọ lọ, èyí tó bá sì lè sọ, bó ṣe wà nínú rẹ̀ náà ló ń jáde. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lò, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín púpọ̀, n kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Dòtun náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ti rù.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n padà, mo bá wọn lẹ́yìn ilé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Morẹ́nikẹ́ àti Màmá Fẹ́mi jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀wà. Àwọn ọmọ àti Sánúsí ń gbá bọ́ọ̀lù. Morẹ́nikẹ́ fi ọwọ́ kan ṣíjú, nítorí oòrùn ń wọ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá àti Dòtun jáde wá.

Morẹ́nikẹ́ gbójú sókè, ó ní, "Dádì, ẹ̀yìn ilé yìí ò dáa. Kò síbi ìjókòó. Oòrùn ń pa mí."

Dòtun ti ń tẹríba. "Dádì, ẹ má bínú sà, ohun tó ní lọ́kàn ni pé—"

"Jẹ́ kó sọ ọ́," ni Bàbá wí.

Morẹ́nikẹ́ nawọ́ sí ara ògiri, ó ń wá ọ̀rọ̀. "Ẹ ṣe òrùlé kékeré síbí. Kí a tó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó tẹ orí padà sí ẹ̀wà rẹ̀. Dòtun dúró bí ẹni tí wọ́n dá owó tó ti sọnù padà fún. Bàbá wò mí, omi ti dé ojú wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Tósìn, ṣé o gbọ́? Ó ní ẹ̀yìn ilé mi ò dáa."

Wọ́n sì lọ mú tẹ́pù ìwọ̀n wọn nínú mọ́tò.